Èéfín Ààrò Ẹ̀yìnkùlé: Igi Tí Ẹ Fowó Rà Tí Kò Jó Ni

Láti ìgbà tí owó gáàsì ti ń fò sókè, ọ̀pọ̀ ilé ní Abẹ́òkúta ló ti padà sí ẹ̀yìnkùlé. Bí èèyàn bá gba Ìtòkò tàbí Kémta kọjá nírọ̀lẹ́, yóò rí àdògán tí wọ́n ti pa tì tipẹ́ tí wọ́n ti gbá ewé inú rẹ̀ kúrò, tí ìkòkò sì ti gun orí rẹ̀. Ẹjọ́ tí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ padà sídìí igi máa ń rò kì í yàtọ̀ síra: igi ń tètè tán, èéfín ń ta wọ́n lójú, ẹ̀wà kò sì tètè jinná. Wọ́n á ní àdògán ọ̀hún ti gbó ni, tàbí kí wọ́n ní bí iná igi ṣe máa ń rí nìyẹn, kò sí ohun tí èèyàn lè ṣe sí i.

Ohun kan wà tí èèyàn lè ṣe sí i, torí pé ẹjọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yẹn, ẹjọ́ kan náà ni. Èéfín tó ń jáde lẹ́nu ààrò ni igi tí ẹ fowó rà tí kò jó. Bí èéfín bá ti pọ̀, dandan ni kí igi tètè tán, dandan sì ni kí ìkòkò pẹ́ kó tó hó, torí ohun tó yẹ kó jó lábẹ́ ìkòkò ló ń fò lọ sókè yẹn. Ẹni tó bá mọ bí èéfín ṣe ń wáyé yóò lè lo àdògán àtijọ́ dáadáa, owó tí yóò sì ná lé e lórí kò ní tó nǹkan.

Bí a bá ti igi bọ iná, omi inú rẹ̀ ló kọ́kọ́ ń lọ. Títí omi yẹn yóò fi gbẹ tán, ibi tó wà lára igi kò lè gbóná kọjá 100 lórí ìwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì. Lẹ́yìn náà, bí ooru bá ti wọ 200 sí 300, ara igi yóò bẹ̀rẹ̀ sí í tú, yóò máa yọ oríṣiríṣi afẹ́fẹ́ tó lè gbiná jáde. Afẹ́fẹ́ yìí ló ń di ọwọ́ iná tí à ń rí. Igi gan-an kò tíì jó nígbà yẹn. Ohun tó kù lára rẹ̀ lẹ́yìn tí afẹ́fẹ́ bá jáde tán ló ń di ẹyin iná, tó ń pọ́n rẹ́rẹ́ láìní èéfín. Kí afẹ́fẹ́ tó jáde lára igi tó lè jó tán, ibi tó gbà jáde gbọ́dọ̀ gbóná gan-an, bí 600 sókè, atẹ́gùn tútù sì gbọ́dọ̀ bá a pàdé níbẹ̀. Bí ọ̀kan nínú méjèèjì bá dín, kò ní jó. Èéfín ni yóò dà.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí bá ṣì ń ṣe ní kàyéfì, kó tan àbẹ́là kan, kó jẹ́ kó jó díẹ̀, kó sì fẹ́ ẹ pa. Èéfín funfun tẹ́ẹ́rẹ́ kan yóò máa gòkè látorí òwú. Kó mú ìṣáná tó ń jó súnmọ́ èéfín yẹn lókè, kó má jẹ́ kó kan òwú rárá. Iná yóò gba ojú èéfín sọ̀kalẹ̀, àbẹ́là yóò sì tún tàn. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni èéfín igi: ooru àti atẹ́gùn ló ń wá.

Ohun kan tó ń gba ooru lọ́wọ́ iná gan-an ni omi. Igi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé lè jẹ́ pé ìdajì ìwọ̀n rẹ̀ ni omi. Ìdí nìyí tí ìdì igi tó wúwo ní ọjà, tí èèyàn rò pé òun jèrè rẹ̀, fi máa ń jẹ́ omi ló rà. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ìdì náà jẹ́ kílò 10, tí 5 nínú rẹ̀ sì jẹ́ omi. Kí omi yẹn tó di oru lọ, yóò gba nǹkan bí ìdá kan nínú méje gbogbo ooru tí igi náà ní. Ìyẹn gan-an kò burú tó èyí tó tẹ̀ lé e: ní gbogbo àsìkò tí omi yẹn ń hó jáde, inú ààrò ń tutù, afẹ́fẹ́ igi kò rí ooru tí yóò fi jó, èéfín ló ń gba ẹnu ọ̀nà jáde. Igi tútù ń pa ara rẹ̀ lára lẹ́ẹ̀mejì.

Igi tó gbẹ dáadáa kì í ní ju omi bí ìdá 15 sí 20 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ẹ ò nílò ẹ̀rọ kankan láti mọ̀ ọ́n. Ẹ mú méjì, kí ẹ gbá wọn mọ́ra: igi gbígbẹ a máa dún kan-kan, ti tútù a máa dún bí ohun tó rọ̀. Ẹ wo orí ibi tí wọ́n ti gé e. Bí ó bá ti gbẹ, yóò ti la wẹ́wẹ́ láti àárín síta, èèpo rẹ̀ yóò sì máa ṣí fúnra rẹ̀. Ẹ gbé e wò lọ́wọ́, yóò fúyẹ́ ju bó ṣe tóbi lọ. Bó bá ti ń yọ ìfofò lórí nígbà tó wà nínú iná, ẹ ti pẹ́ jù, ẹ fà á jáde, kí ẹ tò ó sẹ́gbẹ̀ẹ́ àdògán kó máa yá iná di ọ̀la.

Igi tó bá tóbi, ẹ là á. Omi ń gba ojú ibi tí wọ́n là jáde ju bó ṣe ń gba èèpo lọ, nítorí náà odidi ìtì lè wà nílẹ̀ fún ọdún kan kí inú rẹ̀ má tíì gbẹ, nígbà tí èyí tí wọ́n là yóò ti dára láàárín nǹkan bí oṣù mẹ́fà. Ẹ tò ó sókè kúrò lórí ilẹ̀, kí ẹ bo orí rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má bo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ o. Mo ń rí i nínú ọ̀pọ̀ ọgbà pé bí òjò bá ti ṣú, ọ̀rá ni wọ́n máa ń fi di igi láti òkè délẹ̀. Ọ̀rá yẹn ń há omi mọ́nú ni. Igi yóò hu olú. Àsìkò ọyẹ́ ló yẹ kí èèyàn ra igi tí yóò lò nígbà òjò.

Ní ti irú igi, n kò ní fi gùn. Igi tó le bí àyìn ń pẹ́ lójú iná, ẹyin iná rẹ̀ sì ń dúró. Igi tó fúyẹ́ bí ahùn ń yára gbiná, ó sì ń yára tán. Ẹni tó ní méjèèjì, kó fi ti fúyẹ́ tanná, kó fi ti líle sè é. Ìhá gbígbẹ ṣì ni mo fẹ́ràn jù fún ìtanná, nítorí epo tó wà lára rẹ̀. Bí ìhá kò bá sí, màrìwò tó ti gbẹ tàbí háhá àgbàdo yóò ṣe é.

Tí ooru bá wà, atẹ́gùn ló kù. Ohun tí ẹni tí kò dáná igi rí máa ń ṣe nìyí: bí iná bá ti ń kú, á ki igi sí i. Ẹnu àdògán á kún, atẹ́gùn kò ní rí ibi gbà wọlé, èéfín á bo gbogbo ilé, òun náà á wá bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ abẹ̀bẹ̀. Àwọn ìyá wa àgbà a máa wí fún ọmọdé pé, “Fà á sẹ́yìn, ìwọ ọmọ yìí, o ti sé iná lẹ́nu.” Òótọ́ pọ́ńbélé ni wọ́n ń sọ. Igi mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó nípọn bí ọrùn ọwọ́, tí orí wọn pàdé lábẹ́ ìkòkò tí àlàfo sì wà láàárín wọn, yóò gbóná ju ìtì kan tó dí gbogbo ẹnu ọ̀nà lọ. Orí wọn nìkan ló ń jó. Bó ṣe ń jó lọ ni ẹ óò máa tì í wọlé díẹ̀díẹ̀.

Abẹ́ igi ni atẹ́gùn ti wúlò jù. Bí igi bá sùn lé eérú, ìsàlẹ̀ rẹ̀ kò ní mí. Ẹ wá irin ìkọ́lé mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí àwọn bíríkìlà gé kù, kí ẹ gbé wọn lé òkúta kéékèèké méjì nínú àdògán, kí igi máa sùn lé wọn lórí. Atẹ́gùn yóò máa gba abẹ́ wọlé, eérú yóò máa jábọ́. Nínú gbogbo ohun tí mo ń sọ níbí, èyí ni mo rò pé ó ń mú ìyàtọ̀ wá kíákíá jù, kò sì ná ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Kí ẹ sì máa kó eérú kúrò kó tó kún dé ibi irin.

Ara àdògán fúnra rẹ̀ wá ni ọ̀rọ̀ tó ń rú àwọn èèyàn lójú jù. A gbà pé bí amọ̀ bá ṣe nípọn tó ni àdògán ṣe dára tó. Òótọ́ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó lójú. Amọ̀ tó nípọn tó sì wúwo máa ń mu ooru. Nígbà tí iná ṣẹ̀ṣẹ̀ ràn, amọ̀ lẹ ń dáná fún kí ẹ tó dáná fún ìkòkò. Ẹ fọwọ́ kan ara rẹ̀ níta nígbà tí ẹ bá sè tán: gbogbo ooru tí ẹ bá gbọ́ níbẹ̀, igi yín ni. Fún alásè tó ń dáná láti òwúrọ̀ di alẹ́, tàbí ẹni tó ń yan gàrí, kò burú rárá, torí amọ̀ náà yóò gbóná tán, ooru rẹ̀ kò sì ní máa ṣe ségesège. Ṣùgbọ́n ẹni tó kàn fẹ́ ro làfún fún èèyàn mẹ́rin kó sì paná, àdògán ńlá yẹn ń jẹ igi rẹ̀ lásán ni. Ààrò ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n yí nǹkan ká yóò ṣe é lóore jù ú lọ.

Ohun tó ń dí ooru lọ́nà ni ohun tó fúyẹ́, tí afẹ́fẹ́ há sínú rẹ̀: eérú gbígbẹ, tàbí amọ̀ tí wọ́n po lẹ́búlẹ́bú igi mọ́ kí wọ́n tó sun ún. Lẹ́búlẹ́bú igi yẹn yóò jó kúrò, yóò fi ihò wẹ́wẹ́ sílẹ̀ nínú amọ̀. Orí ìmọ̀ yìí ni ọmọ Amẹ́ríkà kan, Larry Winiarski, gbé irú ààrò tí wọ́n ń pè ní rocket stove kà ní nǹkan bí ọdún 1982: ihò iná kékeré, ohun fífúyẹ́ tó yí i ká, àti ọ̀nà tóóró tí ọwọ́ iná ń gbà gòkè kó tó kan ìkòkò, kí afẹ́fẹ́ igi lè jó tán nínú ooru kó tó bá abẹ́ ìkòkò tútù pàdé. Ẹ lè ṣe díẹ̀ nínú rẹ̀ sí àdògán àtijọ́ láìwó o. Ẹ to bíríkì amọ̀ sísun yíká inú rẹ̀ kí ihò iná lè dín kù, kí ẹ da eérú gbígbẹ sáàárín bíríkì àti ara àdògán. Kí ẹ ṣáà rí i pé ẹnu ọ̀nà igi àti ti atẹ́gùn kò dí.

Ẹnu òkè náà ní ìwọ̀n tirẹ̀. Bí ìkòkò bá jókòó mọ́ ẹnu àdògán pátápátá, iná kò rí ibi gbà jáde, èéfín yóò padà síbi tí ẹ ti ń ti igi. Bí àlàfo bá fẹ̀ jù, ooru yóò gbabẹ̀ kọjá láìkan ìkòkò. Kókó amọ̀ mẹ́ta ní etí ẹnu rẹ̀, tí yóò gbé ìkòkò sókè ní ìwọ̀n ìbú ìka kan, ló tó.

A tún máa ń ṣi atẹ́gùn tí iná fẹ́ àti afẹ́fẹ́ líle mú fún ara wọn. Iná ń fẹ́ atẹ́gùn pẹ̀lẹ́, tó ń gba ìsàlẹ̀ wọlé. Afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ láti ẹ̀gbẹ́ ń ti ọwọ́ iná kúrò lábẹ́ ìkòkò, ó sì ń mú kí igi jó kíákíá fún ohun tí ẹ kò jẹ. Lọ́pọ̀ oṣù ọdún, ìwọ̀ oòrùn gúúsù ni afẹ́fẹ́ ti ń wá bá wa. Nígbà ọyẹ́, a máa ti ìlà oòrùn àríwá wá. Ṣùgbọ́n ní ìlú olókùúta bíi tiwa, àpáta àti ògiri a máa yí i padà, nítorí náà èéfín inú ọgbà yín ni kẹ́ ẹ wò, ibi tó bá ń tẹ̀ sí. Ẹ mọ ògiri kékeré tó ga dé ìdajì ìkòkò sí apá ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń wá, kí ẹni tó ń dáná sì máa dúró sí apá yẹn kan náà. Bí ẹ bá da páànù borí, ẹ jẹ́ kó ga, kí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì wà ní ṣíṣí. Òrùlé tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ yóò sọ ìta di inú ilé.

Ọ̀rọ̀ kan tí n kò lè fojú fò ni ti omi híhó. Bí omi bá ti hó, ó hó náà ni. Bí ẹ tilẹ̀ kó gbogbo igi Láfẹ́nwá sábẹ́ rẹ̀, kò ní gbóná ju bí 100 yẹn lọ, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀wà kò ní tìtorí ìyẹn yá jinná. Iná tó pọ̀ sí i ń lé omi dànù ni, ẹ óò tún bu omi tútù kún un, ẹ óò sì tún dáná fún ìyẹn. Gbàrà tí ìkòkò bá ti hó, ẹ fa igi jáde, kí ẹ fi ẹyin iná àti igi kan sílẹ̀, kí ẹ dé ìkòkò. Kó kàn máa pọ̀kúpọ̀kú díẹ̀ ti tó. Ẹni tó bá rẹ ẹ̀wà mọ́jú kó tó sè é tún ti gba igi púpọ̀ là.

Àdògán tí òjò ti pa ní gbogbo ìgbà òjò gba sùúrù. Omi wà nínú amọ̀ rẹ̀, bí ẹ bá sì dáná ńlá sí i lójijì, omi yẹn yóò di oru, yóò wá ọ̀nà jáde, amọ̀ yóò sán. Iná kékeré ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ máa dá sí i, ní àtúndá, títí ara rẹ̀ yóò fi gbẹ. Ibi tó bá ti sán, ẹ wọ́n omi sí i, kí ẹ fi amọ̀ ọ̀gán tí ẹ po ìkòkò fífọ́ tí ẹ gún mọ́ dí i, kó gbẹ lábẹ́ ìbòòji kí iná tó kàn án. Bí ó bá jẹ́ òkúta mẹ́ta lẹ̀ ń lò, ẹ má ṣe lọ ṣa ti etí odò Ògùn: omi tó há sínú òkúta lè bú u gbàù lójú iná. Òkúta àpáta tó pọ̀ káàkiri ìlú wa náà kò fẹ́ràn iná ńlá, torí ohun dídán tó wà nínú rẹ̀ a máa wú lójijì bí ooru bá dé 573, òkúta á sì máa bó. Bíríkì sísun kò ní ìṣòro yẹn.

Bí ààbọ̀ àgbá lẹ bá fẹ́ lò, ẹ bèèrè ohun tó wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Àgbá kẹ́míkà kì í ṣe ohun ìdáná. Ẹ má sì fi páànù ìbolé tí wọ́n fi síńkì bò lára ṣe ara ààrò. Iná a máa yọ́ síńkì yẹn, èéfín rẹ̀ sì lè dá ibà sí èèyàn lára. Pákó tí wọ́n kùn ní ọ̀dà tàbí tí wọ́n fi oògùn ikán sí kò gbọ́dọ̀ wọ ibi tí oúnjẹ wà. Ọ̀rá àti rọ́bà fún ìtanná ńkọ́? Mo bẹ̀ yín, ẹ jáwọ́ níbẹ̀. Ẹ má sì ṣe da karosíìnì lé ẹyin iná tó ti ń kú: ooru yóò kọ́kọ́ sọ ọ́ di oru, oru náà yóò gbiná lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ojú ẹni tó bẹ̀rẹ̀ sí i ni yóò sì gbà á.

Èéfín fúnra rẹ̀ ń pa èèyàn. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé ní ọdún 2020, èéfín inú ilé pa èèyàn bíi mílíọ̀nù 3.2 káàkiri ayé, ibi ìdáná ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ sì ti wá. Dídáná níta ń dín ewu yìí kù púpọ̀, àmọ́ kò mú un kúrò fún ẹni tó bẹ̀rẹ̀ sídìí àdògán tó ń fẹ́ná, pàápàá bí ọmọ bá wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ sọ ọmọ kalẹ̀ síbi tí afẹ́fẹ́ ti ń wá kẹ́ ẹ tó tanná.

Kí èéfín má sí kò sọ pé ewu kò sí. Ẹyin iná àti èédú, tí wọn kì í rú èéfín, ló ń yọ afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù mọnọ́sáìdì jáde jù, afẹ́fẹ́ yìí kò ní àwọ̀, kò ní òórùn. Nígbà ọyẹ́, tí òtútù bá mú, àwọn kan a máa kó ẹyin iná sínú ìkòkò wọ yàrá, wọ́n á tilẹ̀kùn, wọ́n á sùn. Orí á kọ́kọ́ máa fọ́ wọn, oorun á sì tẹ̀ wọ́n, ọ̀pọ̀ kì í sì í jí. Ìta ni ẹyin iná gbọ́dọ̀ wà títí yóò fi kú.

Ó sì ń pẹ́ kó tó kú. Lábẹ́ eérú, ẹyin iná lè wà láàyè di ọjọ́ kejì, ohun tí àwọn àgbà wa ń lò nìyẹn tí wọn kò fi ń ra ìṣáná lójoojúmọ́. Ẹ má tìtorí pé eérú tutù lójú kí ẹ dà á sínú ike tàbí sórí pàǹtírí. Inú garawa onírin ni kó wà. Bí igi yín bá jẹ́ igi lásán tí kò ní ọ̀dà, eérú yẹn ṣì wúlò: ẹ wọ́n ọn sídìí ẹ̀fọ́ níwọ̀nba, tàbí kí ẹ kó o fún aláró tó ṣì ń fi ẹlú ṣiṣẹ́, torí omi eérú ni aró rẹ̀ ń lò.